Ìyàwó Mi Di Ìyàwó Bùkúù

3 oṣù kẹta, 2024

Wọ́n mú Mojọlá ìyàwó mi wọ ilé Bùkúù, òrìṣà abúlé wa, lónìí. Èmi fúnra mi ni mo gbé àpótí aṣọ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wọn, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní abúlé yìí sọ pé Ògúnrẹ̀mí jókòó sílé ó ń sunkún. Wọ́n ní kí n gbé àpótí náà padà, pé ibi tó ń lọ kò gba aṣọ. Mo bi Mojọlá níwájú gbogbo wọn pé ta ló fún un láyè. Ó wò mí bí ẹni tó ń wò ó bóyá òjò máa rọ̀. Ó ní, "Bàbá Geneviève, n kò wá tọrọ àyè. Mo wá dágbére ni."

Odindi ọdún tó kọjá ló fi ṣàìsàn. Mo gbé e lọ sí ọsibítù ní Atakpamé, mo gbé e dé Lomé, wọn kò rí nǹkan kan. Ìgbà tó wá ṣubú lọ́jà Datcha lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ Bùkúù ń kọjá, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Gbogbo ará ilé wọn ní ọ̀rọ̀ náà ti yé àwọn, pé Bùkúù ló ń pè é, bó ṣe pe ìyá ìyá rẹ̀ rí. Èmi nìkan ni kò yé.

Wọ́n ní wọ́n á fá orí rẹ̀, wọ́n á kọ́ ọ ní èdè mìíràn, wọ́n á sọ ọ́ ní orúkọ mìíràn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ pe èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Ìyàwó òrìṣà ni wọ́n ń pè é báyìí. Obìnrin tí mo fẹ́ nígbà tí n kò ní ju irin ìrẹ́lé kan lọ, tí mo wá kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní abúlé yìí fún, èmi tí n kò kọjá kíláàsì kejì tí àwọn oníwèé sì ń pè ní pàtírọ́ọ̀nù, ìyẹn ọ̀gá. Wọ́n gba ìyàwó lọ́wọ́ mi lójú mi kedere, wọ́n tún ní kí n kí wọn kú oríire.

4 oṣù kẹta

Mo se ọbẹ̀. Iyọ̀ pọ̀ jù. Mo jẹ ẹ́.

9 oṣù kẹta

Geneviève ọmọ wa pè láti Notsé lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀ ní dìsìpáńsà, ilé ìwòsàn ibẹ̀. Ó sunkún lórí fóònù, ó ní bàbá òun le sí gbogbo ènìyàn, àfi sí ẹni tó yẹ kó le sí. Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó wá ní, "Pápà, tí wọ́n bá mú Màmá jáde tí kò sì mọ̀ mí mọ́ ńkọ́?"

Mo ní ta ló lè gbàgbé bàbá rẹ.

Ó ní, "Pápà, èmi ò sọ̀rọ̀ yín. Ara mi ni mò ń sọ."

14 oṣù kẹta

Oòrùn mú bí iná. Fádáhùnsí kọjá níwájú ilé mi, ó ru iṣu, ó ń lọ sí ilé Bùkúù. Láti ìgbà bàbá rẹ̀ ni ilé wọn ti ń gbé oúnjẹ wọ ibẹ̀, nítorí náà ó láyè láti wọ ibi tí èmi kò lè wọ̀. Ẹgbẹ́ mi ni. Òun ló kọ́kọ́ ń fẹ́ Mojọlá. Iṣu ló gbé lọ fún bàbá ọmọbìnrin náà nígbà náà, èmi gbé páànù lọ. Gbogbo ènìyàn mọ ẹni tó mú obìnrin lọ sílé. Fádáhùnsí ṣì ń gbé iṣu kiri.

Mo dá a dúró. Mo ní ṣé ó ti rí Mojọlá. Ó sọ iṣu kalẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Ó ní orúkọ yẹn kò sí nínú ilé yẹn mọ́. Mo ní ó dáa, ṣé ara ẹni tí n kò pe orúkọ rẹ̀ le. Ó ní gbogbo wọn ń jẹun. Ó tún ru iṣu rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo rí i láti ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ pé ó ń rẹ́rìn-ín.

17 oṣù kẹta

Mo lọ sí ìsìn, èmi tí n kò ti lọ láti Kérésìmesì. Lẹ́yìn ìsìn mo mú Ignace katẹkísì, olùkọ́ni ìjọ wa, lọ sábẹ́ igi, mo ra ọtí fún un, mo bi í pé tí a bá dé ọ̀run, ṣé ọkọ á mọ ìyàwó rẹ̀. Ó ní a ó mọ ara wa, ṣùgbọ́n Ọlọ́run á kún inú wa débi pé ẹnikẹ́ni kò ní máa sọ pé "tèmi" mọ́.

Mo ní, "Títí kan ìyàwó?"

Ó ní, "Títí kan Ògúnrẹ̀mí, Pápà. Ara yín gan-an kò ní jẹ́ tiyín."

Mo gba ìgò ọtí náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti rò ó láti àárọ̀ títí di ìsinsìnyí. Ilé tèmi, oko tèmi, igi tíìkì tèmi lọ́nà Kamina, orúkọ tèmi lára ògiri. Tí a bá yọ "tèmi" kúrò lára Ògúnrẹ̀mí, kí ló kù tó máa wọ ọ̀run? Níhìn-ín Bùkúù ń gbà á lọ́wọ́ mi, lọ́hùn-ún Ọlọ́run á tún gbà á. Kò sí ibi tí mo lè gbé e sá sí.

26 oṣù kẹta

Òjò àkọ́kọ́. Ó rọ̀ pẹ̀lú ìjì, ó wó ògiri amọ̀ tó yí ilé Bùkúù ká. Ayọ̀ ni mo fi gbọ́ ọ. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tó dára, mo lọ bá Ìyá Ṣàngówáwa tó jẹ́ olórí ilé náà. Mo ní èmi ni bíríkìlà tó dára jù láti Atakpamé dé Datcha, mo sì fẹ́ tún ògiri wọn mọ pẹ̀lú bíríkì àti sìmẹ́ńtì, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyá náà kéré bí ọmọdé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń wọ ènìyàn lára. Ó ní, "Ẹ ṣé o, àna wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó ga ju ti àtijọ́ lọ."

Àna wa. Wọ́n kà mí sí bàbá ìyàwó, ẹni tó fi ọmọ fọ́kọ. Èmi ni ọkọ.

2 oṣù kẹrin

Mo bẹ̀rẹ̀ ògiri. Sìmẹ́ńtì tún ti gbówó lórí ní Atakpamé, ẹni tó ń tà á kò tilẹ̀ tijú. Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà, kí n má sọ̀rọ̀ sókè, kí n má wo inú. Àwọn òṣìṣẹ́ mi fẹ́ wá ràn mí lọ́wọ́, mo lé wọn. N kò mọ bíríkì fúnra mi láti ọjọ́ pípẹ́, àmọ́ okùn ìwọ̀n mi ṣì tọ́. Àwọn tó ń kọjá dúró wò ó. Wọ́n ní ọwọ́ Ògúnrẹ̀mí kò yàtọ̀. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

8 oṣù kẹrin

Fádáhùnsí wà nínú ilé nígbà tí mò ń po yanrìn. Ó sọ nǹkan kan, àwọn obìnrin sì rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín Mojọlá láàárín wọn. Mo dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró. Mo ń ka iye ìgbà tó ti rẹ́rìn-ín báyìí nílé mi láti ìgbà tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀, n kò rí nǹkan kan kà.

Ìlà bíríkì tí mo tò lẹ́yìn ìyẹn wọ́. Mo wó o, mo tún un tò.

11 oṣù kẹrin

Mo ti fi ihò kan sílẹ̀ lára ògiri, ní déédéé ojú mi, bí ẹni pé fún afẹ́fẹ́ ni. Lónìí mo yọjú.

Àwọn ìyàwó tuntun mẹ́rin jókòó sórí ẹní, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Orí gbogbo wọn ti di fífá, osùn wà lára gbogbo wọn, aṣọ kan náà, wọ́n tẹríba bákan náà. Mo ní màá mọ̀ ọ́n láti èjìká. Gbogbo èjìká dọ́gba. Mo rántí pé orúnkún ń dùn ún, mo ń wá ẹni tó na ẹsẹ̀. Ẹni méjì na ẹsẹ̀. Mo wá ń ro ó pé orúnkún ọ̀tún ni àbí ti òsì, n kò mọ̀ ọ́n. Mo ti ra oògùn orúnkún yẹn títí, n kò mọ èwo ni.

Mo dúró títí omi fi gbẹ lára sìmẹ́ńtì mi. N kò lè yan ìyàwó mi láàárín obìnrin mẹ́rin.

12 oṣù kẹrin

Mo dí ihò náà pa. Kò sí ẹni tó ní kí n dí i.

20 oṣù kẹrin

Ìyá Ṣàngówáwa wá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́bàá ibi iṣẹ́ mi, ó ń jẹ obì. N kò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo bi í pé níbo ni wọ́n ń gbé ẹni àtijọ́ tí wọ́n ń yọ kúrò nínú obìnrin sí.

Ó ní, "Àna wa, tí ẹ bá sùn tí ẹ kò lálàá, níbo ni Ògúnrẹ̀mí wà?"

Mo ní, "Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì igi tíìkì, èmi ni mo gbin igi náà."

Ó rẹ́rìn-ín débi pé obì há a lọ́fun, mo ní láti bu omi fún un. Ó ní òun kò béèrè bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kò sí ẹni tí wọ́n ń yọ nínú ẹnikẹ́ni, pé ńṣe ni àwọn ń bá obìnrin sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀. Tó bá fẹ́, á tún gbé e tó bá ń jáde.

Mo ní, "Tí kò bá wá fẹ́ gbé e mọ́ ńkọ́?"

Ó nu ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Á jẹ́ pé ẹ̀yin náà wà nínú ẹrù ọ̀hún nìyẹn."

5 oṣù karùn-ún

Ògiri parí. Mo rẹ́ ẹ lójú méjèèjì. Àwọn ará Datcha wá wò ó, ọ̀kan tilẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀. Mo gbin àgbàdo lánàá, òjò sì rọ̀ sí i lóru. Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa fún mi. Ògiri tó dára jù tí mo mọ láyé mi nìyí, ìyàwó mi ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

2 oṣù kẹfà

Mo ti ya ojú ewé kan dànù kí n tó kọ èyí.

Wọ́n mú wọn jáde lónìí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé àwọn ìyàwó tuntun á jókòó lórí ẹní bí ẹrú tí wọ́n mú lójú ogun, ará ilé kọ̀ọ̀kan á wá fi owó ẹyọ ra tirẹ̀. Eré ni, ṣùgbọ́n tí ẹ kò bá rà á, kò ní bá yín lọ sílé. Geneviève ti dé láti Notsé. Wọ́n ti sọ orúkọ tuntun ìyá rẹ̀ fún wa, Bùkúùṣèyí. Mo ti búra fún gbogbo ènìyàn pé n kò ní pe ti àtijọ́.

Fádáhùnsí ni wọ́n fi ṣe olùtajà. Ó ń pariwo ọjà. Ó ní ẹrú yìí ti gbó díẹ̀ o, ẹni tó ní i tẹ́lẹ̀ kò mọ̀ ọ́n lò, ilé ńlá ló ń kọ́ kiri, kò ráyè jókòó sínú ẹ̀. Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. Mo fara dà á. Ó wá na ọwọ́, ó gbé àgbọ̀n ìyàwó mi sókè pẹ̀lú ìka rẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè rí ojú rẹ̀.

Mo gbọ́ ohùn ara mi. "Mojọlá, dìde, jẹ́ ká lọ sílé."

Ìyàwó mi ṣubú lulẹ̀ bí aṣọ tó já lórí okùn. Àwọn obìnrin sáré da aṣọ funfun bò ó, wọ́n gbé e wọlé padà, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Fádáhùnsí kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọ mi wò mí, ó gun ọ̀kadà zémì padà sí ọ̀nà Notsé.

3 oṣù kẹfà

Ìyá Ṣàngówáwa ránṣẹ́ pè mí. Kò pè mí ní àna. Ó ní gbogbo ohun tí wọ́n fi oṣù mẹ́ta ṣe ti bàjẹ́, wọ́n á fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tún un ṣe. Ó ní tí mo bá tún pe orúkọ yẹn sí i létí, kò ní jáde sí ilé mi mọ́ láéláé, ilé Bùkúù ni yóò kú sí.

Ètùtù tèmi ni pé kí n máa lọ láti ilé dé ilé, láìwọ bàtà, kí n pe orúkọ tuntun rẹ̀ fún wọn, kí n tọrọ àforíjì. N kò gbọ́dọ̀ dárúkọ ohunkóhun tó jẹ́ tèmi nínú ọ̀rọ̀ náà.

10 oṣù kẹfà

Mo ti ń rìn. Orúkọ náà le lẹ́nu. Bùkúùṣèyí. Orúkọ rẹ̀ gan-an ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Bùkúù ló ṣe é, kì í ṣe èmi. Ilé tí èmi fúnra mi kọ́ ni mò ń dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn, n kò sì lè sọ pé èmi ni mo kọ́ ọ. Ìyàwó ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́ mi àtijọ́ ní òun dárí jì mí, ó tún ní kí n rọra máa rìn. Wọ́n ń ṣàánú mi. Ó sàn kí wọ́n bú mi.

16 oṣù kẹfà

Ilé Fádáhùnsí ni mo fi ṣe ìkẹyìn. Ó fún mi ní àga. Mo sọ ohun tí mo wá sọ. Ó ní ìyá òun náà wọ ilé yẹn nígbà tí òun wà ní kékeré.

"Ó jáde, kò mọ̀ mí," ó ní. "Mo sunkún títí. Bàbá mi ní kí n lọ kí i bí ènìyàn ṣe ń kí àlejò. Mo kí i. Ó ní kí n jókòó, ó bi mí pé kí ni mò ń rò. Ògúnrẹ̀mí, kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí kó tó wọ ilé yẹn."

Mo bi í pé ṣé ìyá rẹ̀ ni ó ṣì jẹ́. Ó ní, "Èmi ò mọ̀. Ó dára ju èyí tí mo ní tẹ́lẹ̀ lọ."

Mo rìn wálé. Mo ti ń jowú ọkùnrin yìí nítorí ìyàwó mi láti ìgbà èwe wa. Lónìí mo tún jowú rẹ̀ nítorí ìyá rẹ̀.

14 oṣù keje

Mo rà á. N kò la ẹnu. Mo ka owó ẹyọ sórí ẹní, ọwọ́ mi dúró ṣinṣin. Fádáhùnsí kò fọwọ́ kàn án, kò sì ṣàwàdà. Ìyàwó mi dìde, ó tẹ̀ lé mi láti ibẹ̀ dé ilé, aṣọ bo orí rẹ̀. N kò bojú wẹ̀yìn. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń tẹ́tí sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

15 oṣù keje

Kò mọ ìgbálẹ̀. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí, a gbọ́dọ̀ kọ́ ọ ní gbogbo nǹkan bí ọmọ tuntun. Èmi tí n kò gún iyán rí láyé mi ni mo kọ́ obìnrin bí wọ́n ṣe ń gún iyán. Ó wò mí dáadáa. Iyán náà ní kókó. Ó jẹ ẹ́, ó ní ó dùn. Ṣé ó ń fi mí ṣe eré ni àbí kò mọ̀ lóòótọ́? Mo bù sí i fún un.

Tó bá bi ènìyàn pé ta ni, onítọ̀hún á dá orúkọ rẹ̀ nìkan, kò gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan kún un. Ẹni tí kò bá tíì bi kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún un.

16 oṣù keje

Geneviève dé. Ìyá rẹ̀ bi í pé ta ni. Ọmọ náà ní, "Geneviève." Ó ní orúkọ náà dára, ta ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Geneviève ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́. Wọ́n jọ jókòó sẹ́yìn ilé títí oòrùn fi wọ̀. Kò tíì bá ìyá rẹ̀ jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

18 oṣù keje

Ó ti bi obìnrin oníbúrẹ́dì. Kò tíì bi mí.

21 oṣù keje

Fádáhùnsí wá kí wa. Ìyàwó mi bi í. Ó bi Fádáhùnsí kó tó bi mí. Mo dìde, mo lọ wo àgbàdo mi nínú òjò. Àgbàdo ti yọ irun. N kò rí ẹni tí màá fi hàn.

23 oṣù keje

Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ tó bá bi mí. Mo mọ̀ pé òfin ní orúkọ nìkan, ṣùgbọ́n mo ti ní màá rí ọgbọ́n dá. Màá wí nípa páànù tí mo gbé fún bàbá rẹ̀, nípa ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nípa oògùn orúnkún. Màá sọ ọ́ kó lè mọ irú ẹni tó wà níwájú rẹ̀.

Lónìí, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fọ abọ́. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ta ni ìwọ?"

Ìwọ. Kò pè mí ní ẹ̀yin.

Mo la ẹnu. Gbogbo ohun tí mo tò sílẹ̀ fò lọ. Mo ní, "Ògúnrẹ̀mí."

Ó ní, "Ògúnrẹ̀mí."

Kò pe orúkọ yìí rí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un wọ ilé mi, "Bàbá Geneviève" ni, kí Geneviève tó dé, "ẹ gbọ́" ni tàbí "ọkọ mi". Àwọn òṣìṣẹ́ ti pè é, àwọn olóṣèlú ti pè é nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ìyá mi pè é títí ó fi kú. N kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu yìí rí. Kò sí bàbá ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, kò sí ọkọ ẹnikẹ́ni, kò sí pàtírọ́ọ̀nù.

Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó tún un pè, ó fà á díẹ̀, bí ẹni tó ń pe ènìyàn tó wà lókèèrè. Obìnrin àtijọ́ ló pè mí ni, àbí ti ìsinsìnyí, n kò mọ̀.

Mo dáhùn.